Irin Inú Eyín Bàbá Aláago

Títí di òní, tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ eré sísá ní òpópónà wa, eré tí olóògbé Bàbá Aláago sá kúrò lórí àga dókítà eyín ló máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì ti so aṣọ pelebe mọ́ ọn lọ́rùn bíi ti ọmọ ọwọ́. Dókítà ní kó fọkàn balẹ̀, irin àtijọ́ tí wọ́n fi dí ihò eyín ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì lòun fẹ́ yọ bí Bàbá ṣe bẹ òun, kóun fi èyí funfun dí i. Bàbá fọkàn balẹ̀. Ìgbà náà ni dókítà wọ ìbòmú. Ó wọ òmíràn lé e. Ó wọ awò ńlá bí ẹni tó fẹ́ jó irin pọ̀, nọ́ọ̀sì sì sáré lọ ṣí fèrèsé.

"Ẹ dákun, kí lẹ ń sá fún?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Tí a bá ń yọ ọ́, ó máa ń rú èéfín díẹ̀ ni. Imú ni kí ẹ máa fi mí."

"Ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ yọ ọ́ lẹ dira ogun báyìí? Èmi tí mo ti ń gbé e sẹ́nu láti ìgbà èwe mi ńkọ́?"

Kò dúró gbọ́ èsì, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó máa fi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, abẹ́rẹ́ ti mú kí ẹnu rẹ̀ kú pátápátá. A ń pariwo pé, "Bàbá, kí ló ń lé yín?" Ó ń dáhùn o, àmọ́ "fúù, fúù" nìkan là ń gbọ́. Bí a ò ṣe mọ ohun tó ń lé e, àwa náà bẹ́ sáré. Oníbúrẹ́dì ló ṣáájú gbogbo wa.

Rédíò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àtàárọ̀ ni rédíò máa ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré Bàbá, níbi tó ti ń tún aago ọwọ́ àti aago ara ògiri ṣe. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n sọ pé irú irin tó wà nínú eyín rẹ̀ ní mẹ́kúrì nínú, omi fàdákà tó ń sáré nínú ìgò tín-ín-rín tí wọ́n ń tì sábẹ́ ahọ́n aláìsàn. Àyà Bàbá já. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo jia eléyín tó ń yí nínú aago, kò sẹ́ni tó lè tàn án.

"Eyín òkè, jia ni. Eyín ìsàlẹ̀, jia ni. Ẹ fi jia kan hàn mí tó ń yí, tí ara rẹ̀ kì í jẹ, tí kì í dà lẹ́búlẹ́bú!"

Láti ọjọ́ náà, apá ọ̀tún nìkan ló fi ń jẹun. Ẹ̀rín rẹ̀, tá a máa ń gbọ́ dé ìkángun òpópónà, dáwọ́ dúró, torí ó ní ẹnu tó bá là ni èéfín ń gbà jáde. Ó so òwú pupa mọ́ etí ife rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi mu omi. Tó bá fẹ́ sùn, ògiri ló ń kọjú sí.

"Bàbá wọn, kí ni mo ṣe yín?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ti gbé ikú sẹ́nu ná. Mi ò fẹ́ kó ràn ọ́."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù nìyẹn, ju ikú tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn eré ọjọ́sí, ó padà lọ bá dókítà, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Bàbá, irin yín kò sán, kò sì mì," ni dókítà wí. "Ohun tó ń jáde lára rẹ̀ kò tó nǹkan. Yíyọ ló ń mú kó pọ̀ sí i. Èyí funfun náà dára, àmọ́ kì í sábà pẹ́ tó o. Ẹ fi sílẹ̀."

"Ṣé ẹ ò lè yọ ìdajì?"

"Rárá, sà."

"Tí kò bá ṣeé yọ kúrò lára mi, ẹ yọ èmi kúrò lára rẹ̀."

Ó gbọ́ níbì kan pé oró mẹ́kúrì a máa mú ọwọ́ gbọ̀n. Ló bá ń na ọwọ́ wò láràárọ̀. Ẹni tó bá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, ṣé ọwọ́ náà ò ní gbọ̀n? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, jia kékeré kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Kò wá a. Ó gbórí lé tábìlì, ó ń sunkún. Bí ìyàwó rẹ̀ tó gbé oúnjẹ wá ṣe bá a nìyẹn.

Obìnrin náà gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí oníbàárà.

"Ẹ fi awò yín sójú."

Bàbá fi awò roboto tó fi ń wo inú aago há ojú kan. Ìyàwó rẹ̀ la ẹnu gbàgà. Lára eyín ẹ̀yìn pátápátá, irin méjì wà níbẹ̀, wọ́n ti dúdú.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó mọ̀ yín."

"O ò sì sọ!"

"Mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ tí rédíò sọ̀rọ̀. Mo wo ojú yín, mo rí i pé ẹyọ kan ti fẹ́ pa yín. Tí mo bá wá fi méjì kún un ńkọ́? Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Bàbá wọn. Àmọ́ bí mi ò ṣe gbọ́ ẹ̀rín yín mọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù."

Bàbá yọ awò, ó nù ún, ó tún wo ẹnu náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Háà! Ìwọ gan-an lò ń pa mí láti ọjọ́ yìí!"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wa jáde síta. Oníbúrẹ́dì ti ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó rò pé eré sísá ti tún dé.

Kí n má purọ́, ẹ̀rù náà kò tán. Ó ṣì ń fi apá ọ̀tún jẹun. Lọ́dọọdún ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń dira wọn lọ́wọ́ mú lọ kí dókítà yẹ eyín wọn wò, nọ́ọ̀sì a sì ti kó ìbòmú pa mọ́ kí wọ́n tó wọlé. Àmọ́ ó tú òwú kúrò létí ife, kò sì kọjú sí ògiri mọ́.

Ọjọ́ ogbó ni Bàbá kú, irin náà sì bá a lọ láìsán. Nígbà tá a lọ kí Màmá, ìyàwó rẹ̀, ife Bàbá yẹn ló fi ń mu omi, àmì òwú pupa ṣì hàn létí rẹ̀. Oníbúrẹ́dì fẹ́ dá a lára yá, ó ní, "Màmá, ẹ ò bẹ̀rù oró?"

Màmá wo inú ife náà.

"Tí ti Bàbá wọn bá ṣẹ́ kù díẹ̀ níbẹ̀," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n rí i mu."

Ó mu ún tán. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu gbàgà, gbogbo wa sì rí irin méjèèjì.