Èdè Kàsákì Nínú Ilé Ìdáná Wa

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ilẹ̀ àwọn Kàsákì dé, lọ́wọ́ ìgbà tí ìjọba Rọ́ṣíà ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ìmọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ló lọ kọ́. Ó mú ìyàwó bọ̀, àti ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ìjọba gbà á síṣẹ́ kíá, wọ́n ní kó lọ máa gbẹ́ kànga ní ìhà Òrò-Àgọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ burú débi pé ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń rí wálé sí Òmù-Àrán. Ìyàwó àti ọmọ wá di ti èmi àti ìyá wa.

Mo jẹ́ tíṣà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ wa, mi ò sì tíì lọ́kọ. Ìyá wa ní kí ìyàwó máa pè mí ní Àǹtí, torí wọ́n ti bí mi kó tó wọlé wa. Ẹ̀gbọ́n mi tú u fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni nílé àwọn, ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Èyí dùn mọ́ ìyá wa nínú gan-an. Ṣùgbọ́n tí ọkọ rẹ̀ bá ti lọ, ilé a pa rọ́rọ́. Yorùbá tó gbọ́ kò ju ìkíni lọ. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, èdè Kàsákì ló sì fi ń bá a sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyàwó lọ pọnmi, ọmọ náà bú sẹ́kún. "Astında, astında," ló ń wí ṣáá. Ìyá wa fún un lómi, ó fún un níṣu, ó gbé e pọ̀n, ẹkún ò dá. Nígbà tí ìyàwó dé, ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà ọmọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá wa jókòó. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Ìwọ lo jẹ́ tíṣà. Kọ́ èdè yìí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi máa sunkún sí mi lára kí n má mọ ohun tó ń wí."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú ilé ìdáná, nígbà tá a bá ń se oúnjẹ. Mo gbé ṣíbí sórí tábìlì, ìyàwó ní "üsteldiñ üstinde." Mo gbé e sábẹ́ rẹ̀, ó ní "üsteldiñ astında." Ohun tó dà mí láàmú ni pé tábìlì ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ, kí wọ́n tó sọ bóyá orí rẹ̀ ni tàbí abẹ́ rẹ̀. Àwa ń sọ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ní tiwọn, ilẹ̀kùn ló ń ṣáájú, ẹ̀yìn á wá tẹ̀ lé e. Ẹnu mi kì í gbà á. Mo sì máa ń ṣi artında, ìyẹn ẹ̀yìn, pè ní aldında, tó jẹ́ iwájú. Lọ́jọ́ kan tí ìyá wa wà lẹ́yìn ilé, mo sọ fún ìyàwó pé iwájú ilé ni kó gbé oúnjẹ wọn lọ. Bàbá ìjọ kan tó wá kí wa ló bá níbẹ̀. Kò mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé, ló bá kúnlẹ̀, ó gbé e fún bàbá. Bàbá jẹun tán, wọ́n gbàdúrà fún un. Nígbà tó padà wọlé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tó ti dé.

Ìgbà kan inú ń run ún. Ó fọwọ́ di ikùn mú, ó ní "işim awıradı," inú ń run mí. Ó jọ pé mo ti gbọ́ "iş" yẹn rí. Mo nawọ́ sí ìkòkò, mo ní "qazannıñ işinde," nínú ìkòkò. Ó ní ọ̀kan náà ni. Mo fọwọ́ kan ikùn mi, mo ní "inú", mo kan ìkòkò, mo ní "inú." A wo ara wa. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní orí, inú, ẹ̀yìn, iwájú, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹ̀yà ara la fi ń sọ ibi tí nǹkan wà, áńbọ̀sì pé àwọn tó jìnnà tó báyẹn ń ṣe é bíi tiwa.

Ẹ̀gbọ́n mi wálé lọ́jọ́ tí kì í ṣe Sátidé. Ìròyìn ti kàn án pé ìyá ìyàwó kú, wọ́n sì ti sin ín. Àwọn obìnrin ìjọ wá, wọ́n kọrin, wọ́n tù ú nínú, ó ń wò wọ́n láìgbọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀ lédè rẹ̀. Ibi tí nǹkan wà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sọ.

Mo ní, "Senimen birgemin." Mo wà pẹ̀lú rẹ. Lédè tirẹ̀, "ìwọ" ló ń ṣáájú, "pẹ̀lú" á tẹ̀ lé e; lọ́jọ́ yẹn kò nira fún mi láti fi í ṣáájú.

Ó gbójú sókè. "Janımda otırıñız," ló wí. Ẹ jókòó tì mí. Mo jókòó tì í títí ọmọ fi jí.

Nígbà tó yá wọ́n kó lọ sí Ìlọrin. Ohùn Ìgbómìnà rẹ̀ ti wá dán débi pé tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, àlejò á bi í bóyá ọmọ Àrán-Ọ̀rin ni. Kàsákì tèmi kò tó ìtàn sọ títí dòní. Tí mo bá lọ kí i, ó ṣì máa ń tún un ṣe fún mi.