Orí Ìyá Àgbà Nínú Ààrò

Ẹnu ni tíṣà wa kọ́kọ́ yìn. Òyìnbó náà yí orí amọ̀ tí mo mọ po, ó fi ìka tọ́ ètè rẹ̀ tó dì pinpin, ó ní ẹnu obìnrin tí kò bẹ̀rù nǹkan kan nìyí. Inú mi dùn kọjá ààlà. Ọdún kejì mi nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà nìyẹn, èmi ọmọ Kétu sì ti rò pé mo ti di ọ̀gá.

Orí ìyá bàbá mi ni. Iṣẹ́ ìdánwò wa ni pé kí kálukú mọ orí àgbà kan láti ilé rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní orí lórí tábìlì, kó máa lọ sílé. Sátidé mẹ́ta ni ìyá àgbà fi jókòó fún mi lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò sì béèrè nǹkan kan. Mo fi aṣọ tútù wé orí náà, mo gbé e lé itan nínú bọ́lẹ̀kájà títí dé ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí tíṣà yìn ín tán, ó na wáyà tín-ín-rín kan sí mi. Ó ní kí n gé àtàrí rẹ̀ kúrò, kí n fi ṣíbí wa inú rẹ̀, nítorí amọ̀ tí inú rẹ̀ bá kún máa ń bẹ́ nínú ààrò tí wọ́n fi ń sun ún. Mo gé e. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń wa amọ̀ jáde, mi ò sì mọ ìdí. Mo dá àtàrí náà padà, mo fi amọ̀ rírọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ìgbà tí mo délé ni mo mọ ìdí. Orí ẹní ni mo bá ìyá àgbà, wọ́n fi gèlè di orí wọn le. "Orí ń fọ́ mi láti ọ̀sán," ni wọ́n wí.

Mo wo igun yàrá. Ère kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí wọ́n máa ń fi osùn pa. Ìbejì ni ìyá àgbà. Ìkejì wọn kú ní kékeré, wọ́n sì gbẹ́ ère fún un. Ẹni tó lọ ni wọ́n ń gbẹ́ ère fún, ẹni tó kù kì í ní. Gbogbo ọmọ ilé wa ló mọ èyí. Èmi tí mo kàwé jù wọ́n lọ ni mi ò rántí. Mo ti mọ ère fún ẹni tó ṣì wà láàyè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń se àgbo, wọ́n ní ibà lásán ni. Ṣíbí ni èmi ń rí.

Ọjọ́ kẹta, ara wọn ò tíì yá. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Ìyá àgbà, mo ti gé orí yín. Ọ̀la ni wọ́n máa sun ún. Tó bá bẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e wálé."

"Tí o bá gbé e wálé, ṣé wọn ò ní lé ọ?"

Mo bu àgbo fún wọn.

"Ọkọ mi, jẹ́ kí wọ́n sun ún."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, à ń ṣọ́ ààrò lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ gbàmù nínú rẹ̀. Orí kan ti bẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ni ín? Wọn ò lè ṣí ààrò títí yóò fi tutù. Èmi ò dúró. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú bọ́lẹ̀kájà títí tó fi já mi sí Kétu, mo sì sáré wọ ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá àgbà jókòó sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ.

"Kí ló ń lé ọ?"

Ẹkún ni mo fi dáhùn. Nínú ẹkún náà, mo bi wọ́n bóyá wọn ò mọ ohun tí orí amọ̀ náà lè fà ni.

"Mo ti mọ̀ kí n tó jókòó. Bí mo bá sọ, ṣé o tún máa fọwọ́ kan amọ̀ náà?"

"Ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó bà mí gan-an. Mo kàn pa ẹnu mi dé ni, kí o má baà rí i."

Orí ẹlòmíràn ló bẹ́. Tèmi kàn sán díẹ̀ lẹ́yìn etí. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, tíṣà pe gbogbo kíláàsì pé kí wọ́n wá wo ẹnu tí mo mọ. Mo sọ fún un pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó rò pé mò ń rẹ ara mi sílẹ̀ ni.