Mo Ní Oshawa Ni Mo Lọ: Bí Ibà Dẹ́ńgè Ṣe Fẹ́ Pa Mí

Ẹ̀yìn ojú ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bramalea, mò ń to páálí, mo kàn ní kí n yíjú wo aago ara ògiri ni, ẹyinjú mi méjèèjì sì ro mí bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ojú eéwo. Mo dúró. Mo tún yíjú, ó tún dùn mí. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, òtútù mú mi débi pé eyín mi ń gbá ara wọn, bẹ́ẹ̀ inú ilé tí wọ́n ń mú gbóná la wà. Mo tọrọ àyè, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Toronto, mo sì fi orí ti gíláàsì fèrèsé títí mo fi délé.

Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo tíì dé láti ìrìnàjò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé mo lọ. Èmi nìkan ni mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì rìn ká etíkun Mexico, mo wọ ọkọ̀ ojú omi dé erékùṣù kan ní Belize, mo sì gun àwókù àwọn ilé òkúta tí àwọn Maya ayé àtijọ́ kọ́ sáàárín igbó. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ti ilé lọ ibi iṣẹ́, tí mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé, mo sì fẹ́ rí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí yìnyín kí n tó pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Mo rí i lóòótọ́. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, mo ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó sórí òkúta àwọn Maya pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, àwọn ẹ̀fọn sì ń jẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo ń gbá wọn, mò ń rẹ́rìn-ín. Kí ni ẹ̀fọn fẹ́ fi èmi ọmọ Ìbàdàn ṣe?

Nílé wa, a kì í sọ ìrìnàjò síta. Bí ìyá wa ṣe tọ́ wa nìyẹn: lọ, kí o bọ̀ láyọ̀, lẹ́yìn náà ni kí aráyé tó gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aráyé ni mo fi tèmi pamọ́ fún. Àǹtí Bùkọ́lá ni, ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ṣe ọ̀nà tí mo fi dé Kánádà, tí mo sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí mo bá sọ fún un pé èmi obìnrin kan ṣoṣo fẹ́ lọ máa sun inú yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn àjèjì, ààwẹ̀ ni yóò gbà, tàbí kó fi pásípọ́ọ̀tù mi pamọ́. Nítorí náà mo parọ́. Mo ní ilé iṣẹ́ rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ tuntun fún ọ̀sẹ̀ méjì ní Oshawa, ìlú kan tí kò jìnnà sí Toronto. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó wò mí títí.

“Oshawa yìí náà ló sọ ẹ́ di dúdú báyìí? In February?”

“Àárẹ̀ ni, Àǹtí mi.”

Nígbà tí ibà náà dé, mo rò pé mo dá a mọ̀. Malaria ni. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní malaria? Bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìlú yìí, oògùn rẹ̀ tí mo gbé láti ilé wà nínú dúróà mi. Mo lò ó. Mo tún ń gbé ibuprofen mì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, nítorí ìrora náà kì í ṣe ti ẹran ara, inú eegun ló wà. Tí mo bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní láti kọ́kọ́ múra sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ibuprofen yẹn sọ́kàn, nítorí èmi kò mọ ohun tó ń ṣe sí mi.

Ní ọjọ́ kẹta, Àǹtí Bùkọ́lá gbé mi lọ sí ọsibítù. Wákàtí méje la fi jókòó. Ọkùnrin kan ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ ọwọ́ kan ń sunkún ṣáá, ẹ̀gbọ́n mi sì fi kóòtù tirẹ̀ bò mí lórí tèmi. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì béèrè bóyá mo ti jáde kúrò ní Kánádà láàárín oṣù kan. Kí n tó gbóhùn jáde, ẹ̀gbọ́n mi ti dá a lóhùn: rárá o, Oshawa nìkan ni mo lọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo lè tún un ṣe nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, n kò fẹ́ sọ ọ́ di òpùrọ́ níwájú nọ́ọ̀sì, mo sì tan ara mi pé oògùn malaria ti wà lára mi. Dókítà fi ohun tí a sọ fún un ṣiṣẹ́. Ó ní àìsàn ìgbà òtútù ni, kí n lọ sinmi, kí n máa mu omi. Èmi kò dá a lẹ́bi.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ara mi tutù. Àǹtí Bùkọ́lá po ògì fún mi, ó sì kọrin ọpẹ́ nínú kíṣìnnì. A kò mọ̀ pé ìgbà tí ibà yìí bá lọ sílẹ̀ gan-an ló yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra jù. Kí ọ̀sán tó pọ́n, inú ti ń run mí, mo bì lẹ́ẹ̀mẹta, mo fọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá ní èrìgì mi. Àmì pupa wínníwínní ti yọ lójúgun mi. Mo dìde láti lọ pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ṣubú sẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò jẹ́ ká dúró. Dókítà obìnrin kan tó ń rọra sọ̀rọ̀ béèrè ìbéèrè kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn. Mi ò lọ Oshawa. Mexico ni mo lọ, Mexico àti Belize.”

Ó wò mí. Mo wá yíjú sí dókítà, mo sọ gbogbo rẹ̀: ọjọ́ tí mo lọ, ọjọ́ tí mo dé, àwọn ẹ̀fọn, gbogbo oògùn tí mo ti lò. Nígbà tí mo dé orí ibuprofen, ó ní n kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu mọ́.

Dẹ́ńgè ni orúkọ àìsàn náà. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fọn malaria tí a mọ̀ sí ti alẹ́. Ojúmọmọ ni eléyìí máa ń jẹni jù. Oògùn malaria kò ràn án rárá, kò sì sí oògùn kan tó ń pa á. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n rọra máa fa omi sí ènìyàn lára, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó máa ń jẹ́ kó dì nígbà tí a bá gbọgbẹ́. Dẹ́ńgè ti dín tèmi kù gidigidi, ibuprofen kò sì jẹ́ kí àwọn tó kù ṣiṣẹ́. Omi inú ẹ̀jẹ̀ mi tún ń jò gba ara iṣan lọ sínú ikùn. Ìdí tí mo fi ṣubú nìyẹn. Dókítà ní ó sábà máa ń le jù lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bi mí bóyá ó ti ṣe mí rí. Mo ní rárá. Lẹ́yìn náà ni mo rántí gbogbo ibà tí mo ṣe ní kékeré tí a pè ní malaria láìṣe àyẹ̀wò. N kò lè sọ mọ́.

Ọjọ́ méjì ni wọn kò fi lè fún wa ní ìdánilójú pé màá yè. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi léraléra, iye àwọn nǹkan kéékèèké yẹn kò sì gòkè. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé màá kú síbẹ̀. Àǹtí Bùkọ́lá ń nu ara mi, ó ń gbé abọ́ èébì, ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ ju “gbé apá sókè” lọ. Ní ọjọ́ kẹta tí iye náà gòkè díẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

“Èmi ni wọ́n bi,” ó ní. “Èmi ni mo dáhùn.”

“Àǹtí mi, èmi ni mo parọ́.”

“Mo mọ̀. But ẹnu mi ni irọ́ yẹn ti jáde. Ká ní o kú ni, kí ni ǹ bá sọ fún Màmá? Oshawa ni ǹ bá sọ fún wọn pé o lọ. Ǹ bá máa sọ ọ́ títí ayé, mi ò sì ní mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.”

Mo sunkún, òun kò sunkún.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo lò ní ọsibítù. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ti ibi tó gbóná bọ̀ tí ibà sì dé, ẹ má dá ara yín lóògùn, ẹ sì jẹ́ kí dókítà àti ẹni tó gbé yín lọ mọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ tún mọ̀ pé ara kì í tètè padà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sinmi ní ìdajì àtẹ̀gùn ilé wa. Irun mi re. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń lo ara yìí láìbi í léèrè bó ṣe wà. Ní báyìí, tí mo bá jí tí mo yíjú tí kò dùn mí, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó dìde.

Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì béèrè bóyá mo ti ń jẹun dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọjú sí. Àǹtí Bùkọ́lá, tó ń se oúnjẹ náà lójoojúmọ́, gbé báàgì rẹ̀.

“Please, ask her,” ó ní, ó sì jáde lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ fúnra mi. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti pé, n kò nílò láti padà wá mọ́. Nígbà tí mo jáde, ó bá mi wọ kóòtù mi, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, a sì jọ rìn lọ sídìí mọ́tò. Kò bi mí ní ohun tí wọ́n sọ.