Ọjọ́ tí Mo Gbé Ẹ̀rọ Gbohùngbohùn

Ọkọ mi mọ bọ́ọ̀lù ju bí àwọn kan ṣe mọ ọmọ wọn lọ. Ìmọ̀ yìí ló gbé e dé ilé tẹ́tẹ́ tó wà nítòsí ilé wa ní Jikwoyi, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Pọ̀rọ̀fẹ́sọ̀. Ní Sátidé, bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù àga rẹ̀ ní Kugbo, ibẹ̀ ló ń lọ, a kì í sì í rí i nílé mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. A gbààwẹ̀. A lọ gbàdúrà lórí òkè. Mo tilẹ̀ ń fura sí àwọn ará ilé rẹ̀ pé láti ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é. Pàbó ló já sí.

Lọ́jọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ wá bá mi ní kíṣìnnì.

"Ìyá Ìbejì, ó ti sú mi. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán Sátidé bá ti dé, ẹsẹ̀ mi á kàn máa yún mi ni."

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ohun tí èèyàn bá sọ gan-an. Kò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ọ̀sán Sátidé ló ní. Ọ̀sán Sátidé yìí kan náà sì làwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá eléruku ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ mi gbé fóònù ńlá rẹ̀ fún mi, ó ń lo oní-tọ́ọ̀ṣì kékeré tí kò ṣeé fi ta tẹ́tẹ́. Èmi lọ yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ìjọ wa fi ń wàásù kiri láàárọ̀.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ lọ máa bá wọn ròyìn bọ́ọ̀lù."

A kò ná kọ́bọ̀.

Háà, ẹ̀yin ì bá wà níbẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́! "Ó gbà á! Ó tan èkíní jẹ, ó tan èkejì jẹ! Kai! Gólì kípà ti dùbúlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé!" Àwọn ọlọ́kadà dúró. Àwọn obìnrin fi aṣọ tí wọ́n ń sá sílẹ̀.

Ní hááfù táímù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dé láti ilé tẹ́tẹ́.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìjókòó o. Pọ̀rọ̀fẹ́sọ̀! Ṣé àwọn ọmọ wọ̀nyí lo wá ń pariwo lé lórí? Bọ́ọ̀lù gidi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wá bá mi yan ẹgbẹ́ kan péré tí màá ta tẹ́tẹ́ lé, ìwọ má ta tìrẹ."

Ọkọ mi wò mí. Ó wo ilẹ̀. "Mò ń bọ̀, Ìyá Ìbejì. Kò ní pẹ́."

Mo mọ "kò ní pẹ́" yẹn dáadáa. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé àga, ó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wọ́n fọn fèrè, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ròyìn. N kò mọ ohun tó gbé mi dìde. Èmi tí n kì í ka ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu.

"Ọmọ tó wọ bàtà pupa fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ti jáde. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ kan. Wọ́n ti fi ọwọ́ jù ú padà. Gbogbo èèyàn ń pariwo. Gólì ni!"

Pápá bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, kò tíì sí gólì o!"

"Rẹfirí kò gbà. N kò mọ ìdí."

Lójú títì, ọkọ mi ti dúró. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fà á láṣọ.

"Ọmọ tó dúró láàárín òpó méjì kò ṣe nǹkan kan láti àárọ̀. Ewúrẹ́ ló ń wò."

"Rárá o!" Ọkọ mi ti ń sáré bọ̀, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sọ́nà. "Gólì kípà nìyẹn! Ibẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀! Gbé e wá, o ti ba bọ́ọ̀lù jẹ́!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é láti ọ̀ọ́kán. "Pọ̀rọ̀fẹ́sọ̀, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ o!"

Ọkọ mi gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó dá a lóhùn létí gbogbo Jikwoyi: "Tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀!"

Ariwo tó sọ, mo fò sókè, gèlè mi ṣí.

Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ kò yún un mọ́. Ní Sátidé mìíràn, mo máa ń rí i tó ń wo ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Màá kàn rọra na ọwọ́ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kíá ni yóò gbá a mọ́yà.