Oògùn Tí Oòrùn Ti Pa

Òórùn oògùn apakòkòrò àti ti ike tí oòrùn ń yan ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé àyẹ̀wò tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Ìkòtún. Èmi ni mo ń ya àwòrán inú ara níbẹ̀. Àwọn aláìsàn kan wà tí a ní láti fún ní oògùn kan sínú iṣan kí àwòrán wọn tó lè hàn ketekete. Inú ìgò ló ń wà, ó sì máa ń mọ́ gaara bí omi òjò. Oògùn yẹn kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó bá ẹ̀rọ ayàwòrán gbé inú yàrá kan náà, torí ìtànṣán ẹ̀rọ ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Dókítà tó ni ibẹ̀, ọ̀gá wa, mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fi yàrá ìkẹ́rùsí háyà fún àwọn tó ń ta fóònù, ó wá to páálí oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, lójú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò níbẹ̀."

"Oògùn ni jàre, kì í ṣe ẹja tútù."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ìyá kan tó ń ránṣọ ní Baruwa wá. Ìgò tí mo mú ti pọ́n bí omi tíì. Mo mú òmíràn, bákan náà ni. Mo ní mi ò ní fún un. Ọ̀gá já abẹ́rẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó fún ìyá náà fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú ìyá wú, tí kò lè mí dáadáa mọ́. Orí ló kó o yọ. Oògùn tó dáa náà lè bá ara ẹlòmíì jà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ìbínú dé, èmi ni ọ̀gá nàka sí.

"Òun ló fún un lábẹ́rẹ́. Mo ti lé e."

Ọ̀kan nínú wọn tutọ́ sí mi lójú. Ìyàwó ọ̀gá ju báàgì mi síta, ó ń pè mí ní apànìyàn.

Ọ̀rẹ́ mi, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdúrà kan ni mò ń gbà: kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọkùnrin yẹn kú kí n tó rí i.

Ọlọ́run gbọ́. Ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí inú rírun gbé e wá, tòun tìyàwó rẹ̀. Ó ti dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀rọ kó tó dá mi mọ̀. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí ìgò ọwọ́ mi.

"Ọmọ mi, níbo... níbo lẹ ń kó o sí?"

Mo ti wá di ọmọ rẹ̀! Inú kọ́bọ́ọ̀dù, nínú yàrá tútù, ni ìgò náà ti wá, ó sì mọ́ gaara. Mi ò sọ fún un. Mo gbé e sókè sí iná, mo rọra ń yí i wò.

"Ẹ jọ̀ọ́." Òógùn ti bò ó.

"Ta ló fún ìyá aránṣọ lábẹ́rẹ́, sà?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni."

"Ìyàwó yín ò gbọ́, sà."

"Èmi ni! Èmi ni mo fún un!"

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu.

Mo ya àwòrán rẹ̀ dáadáa, torí iṣẹ́ mi kò ṣẹ̀ mí. Níta, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi. Mo ní kó dìde, kó lọ kúnlẹ̀ fún ìyá aránṣọ ní Baruwa, mo sì júwe ilé ìyá náà fún un. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n lọ. Àwọn èèyàn ní ẹ̀san kì í dùn. Tèmi dùn, mi ò sì tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí mo fi kúrò ní Ìkòtún, mi kì í rẹ ohùn sílẹ̀ mọ́.