Bíréékà Tó Máa Ń Já Nírọ̀lẹ́

Inú mi ń dùn gan-an bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí náà ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá ń sáré. Bíréékà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Bíréékà kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn pálọ̀ wa ní Gwange, ní Maiduguri, tí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé so mọ́.

Onílé ló yọ ti àtijọ́ kúrò, tó fi tuntun síbẹ̀, irú èyí tó máa ń já fúnra ẹ̀ tí iná bá ń jò gba ibi tí kò yẹ. Látọjọ́ tó ti débẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, kò sí nǹkan kan. Lọ́sàn-án, kò sí nǹkan kan. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, kẹ̀ẹ̀! Ó ti já. Fáànù á dúró, fíríísà tí Màámi ń fi zobo sí á dákẹ́, ooru Maiduguri á wá ká wa mọ́lé bíi pé inú ààrò la wà.

Mo ti parí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn, mo sì ti sọ fún Bàámi pé iṣẹ́ wáyà ni mo fẹ́ kọ́. Ọ̀gá kan wà ní Bulabulin tó ń gba ọmọ iṣẹ́, ó tiẹ̀ ní ọmọbìnrin kan lọ́dọ̀. Bàámi ò gbà. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàámi, ilé aránṣọ ló sì ti bá mi sọ̀rọ̀ sí. Àfi ọjọ́ tí bíréékà já nígbà tó ń wo ìròyìn lọ́wọ́. Inú bí i gan-an.

Ó ní, "Ìwọ tó o fẹ́ ṣiṣẹ́ wáyà, wá ohun tó ń já a. Ọjọ́ Àìkú ni oníwáyà ń bọ̀. Tó o bá rí i kó tó dé, èmi fúnra mi ni màá mú ẹ lọ sí Bulabulin. Tó ò bá rí i, Mọ́ńdè lo bẹ̀rẹ̀ ilé aránṣọ. Mi ò sì fẹ́ gbọ́ ẹkún."

"Bàámi, ẹ ò ní yí i padà o?"

"Ṣé o ti rí sójà tó ń yí ọ̀rọ̀ padà rí?"

Màámi ò gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ewé zobo. "Èmi ti rí ọ̀kan o. Òun ni mo fẹ́."

Bàámi ní fíríísà ni, pé ó ti gbó. Màámi ní kí wọ́n má ba fíríísà òun lórúkọ jẹ́. Ni mo bá yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì: fíríísà, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, ṣájà fóònù, gbogbo ẹ̀. Mo gbé bíréékà sókè. Kẹ̀ẹ̀! Nǹkan kan ò sí lára iná, ó ṣì já. Màámi jó yí pálọ̀ ká. "Ẹ rí i? Ẹ bẹ fíríísà mi!"

Èmi ò lè jó. Tí kì í bá ṣe ohun tí à ń lò, á jẹ́ pé inú ògiri ló wà.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tẹ̀ lé ara wọn ni: wáyà wọ pálọ̀, ó tibẹ̀ lọ sí yàrá Bàámi, ó tibẹ̀ lọ sẹ́yìn fíríísà, ó parí síbẹ̀. Mo pa iná gbogbo ilé níbi mítà, mo fi tẹ́sítà yẹ wáyà kọ̀ọ̀kan wò kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo tú ti yàrá, mo yọ wáyà tó ń lọ sẹ́yìn fíríísà, mo fi téèpù di ẹnu ẹ̀. Mo fi ẹsitẹ́ńṣọ̀n fa iná fíríísà láti pálọ̀. Mo wá jókòó, mò ń ṣọ́ ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Bíréékà ò já! Mo pariwo débi pé Hajiya, ìyá àgbà tí ilé wọn fẹ̀yìn kan tiwa, pè mí láti òdìkejì ògiri pé ṣé kò sí nǹkan: "Lafiya?"

"Lafiya lau, Hajiya!"

Ìdùnnú yẹn ò pẹ́. Láàárọ̀ Sátidé, mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn fíríísà. Wáyà mọ́ tónítóní. Kò jóná, súkúrúù ò tú, gbogbo ẹ̀ gbẹ bíi kílíṣí. Bàámi wá dúró lẹ́yìn mi.

"Ẹnjiníà, kí lo rí?"

"Mi ò tíì rí nǹkan kan, sà."

"Ó dáa. Aṣọ búlúù ni wọ́n ń wọ̀ nílé aránṣọ yẹn o. Á yẹ ẹ́."

Mo dé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà padà. Mo ní, tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣe é, ìrọ̀lẹ́ náà ni màá wò ó. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo tún pa iná ilé pátápátá, mo há ara mi sáàárín fíríísà àti ògiri, mo ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mò ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó. Ooru yẹn! Gbogbo ògiri ilé gbóná débi pé èèyàn lè sá ẹran lé e lórí. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ̀yìn ti ògiri.

Ó tutù.

Mo fò dìde. Mo fọwọ́ pa á látòkè délẹ̀. Ó tutù! Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i: omi, ẹ̀kán kan, ó ń rọra gba ara wáyà sọ̀ kalẹ̀.

Òjò ò tíì rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò sí páìpù kankan nínú ògiri yẹn. Mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé láìwọ bàtà, ta ni mo bá níbẹ̀? Bàámi! Bàámi wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi abọ́ da omi sára ògiri yàrá ẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ibi tí fíríísà wà, ó sì ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Hajiya náà ń da tiwọn lódìkejì. Bí wọ́n ṣe ń mú yàrá tutù nígbà ooru ládùúgbò wa nìyẹn, Hajiya ló sì kọ́ Bàámi. Ṣùgbọ́n amọ̀ lásán ni ògiri tiwọn. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ tiwa, sìmẹ́ńtì náà ti sán, ibi tó ti sán sì dọ́gba pẹ̀lú orí sọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Bàámi, ẹ̀yin ni!"

"Èmi ni kí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń já bíréékà!"

Abọ́ dúró lókè. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń da omi síbí. Ti àtijọ́ ò já rí."

"Iná ń jò nígbà yẹn náà, Bàámi. Ti àtijọ́ ò kàn mọ̀ ni."

Màámi ti jáde. "Ẹ̀n-ẹ́n! Abájọ tí fíríísà fi máa ń ta mí lọ́wọ́ bí èèrùn nírọ̀lẹ́! Ẹ̀yin lẹ sì ń sọ pé ọjọ́ orí ló ń bá mi jà!"

Hajiya ní kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún àwọn. Nígbà tí Màámi sọ ọ́ tán ní Hausa, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. "Kai, soja!"

Sójà ò gbà. Ó ní àfi kí òun fojú òun rí i. Mo ní kò burú. Mo fi fáànù fẹ́ ibẹ̀ mọ́jú, mo so wáyà padà láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, mo yọ púlọ́ọ̀gì fíríísà kúrò. Bíréékà dúró digbí.

"Bàámi, ó yá, ẹ lọ da omi yín."

Èmi àti Màámi dúró ní pálọ̀, a gbójú sókè. À ń gbọ́ omi, ṣàà, ṣàà. Kò já. Ṣàà. Kò já. Ọkàn mi ti ń wọ bàtà lọ sílé aránṣọ. Màámi di ọwọ́ mi mú.

Kẹ̀ẹ̀!

Bàámi pè láti ìta: "Ṣé ó já?"

"Ó já!"

"Ẹ ò fọwọ́ já a?"

"Ọwọ́ wa wà níbí, ẹ wá wò ó!"

Nígbà tí oníwáyà dé, Bàámi pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọmọ òun ti rí i, kó kàn bá wa gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lọ sára ògiri inú tí omi ò lè dé. Mọ́ńdè, kí n tó jẹun tán, ó ti wọ jàlàbíà, ó ní kí n wọ bàtà. Nínú kéké tó ń gbé wa lọ sí Bulabulin, ó na ọrùn sí oníkéké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bíréékà fún un ní Hausa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. "'Yata ce ta gano shi," ọmọ mi obìnrin ló rí i, ó sọ ọ́, ó tún un sọ.

Oníkéké bi í pé kí ló wá ń já a.

Bàámi kọjú sí títì. "Ruwa ne." Omi ni.

Mo fi hìjáàbù bo ẹnu mi, èjìká mi ń gbọ̀n fún ẹ̀rín títí a fi dé ìsọ̀ ọ̀gá mi.