Owú Télọ̀ Rọ̀bọ̀tọ̀

Ẹ béèrè Télọ̀ Rọ̀bọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò náà, ìtàn ọ̀pá ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ìgbà kónílé-ó-gbélé ni, nígbà tí àrùn kòrónà gbòde, tí ọ̀rẹ́ ń sá fún ọ̀rẹ́. Télọ̀ kò jẹ́ kí oníbàárà kankan wọlé mọ́. Ó so téèpù mọ́ orí ọ̀pá ìgbálẹ̀ méjì, ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó na ọ̀pá méjèèjì gba ojú fèrèsé, ó sì ń wọn ẹni tó dúró síta bí ẹni ń já èso lórí igi.

Tíṣà obìnrin kan ló kọ́kọ́ fara gbá a. Télọ̀ wọn àyà rẹ̀, ó wọn ìdí rẹ̀, ó ní kó máa lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé báàgì ìwé tí tíṣà gbé kọ́ èjìká ti bá a wọ inú téèpù. Nígbà tí aṣọ jáde, tíṣà gbé e sókè, ó wò ó tẹ̀yìn tọwájú.

"Bàbá Télọ̀, èmi àti ta ni yóò jọ máa wọ aṣọ yìí?"

"Ẹ fi í pamọ́, Tíṣà. Ẹ̀ ń jókòó sílé, ẹ̀ ń jẹun, ẹ ò rìn. Aṣọ yẹn ń dúró dè yín ni."

Tíṣà bínú lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí ilé ìwé padà, aṣọ náà ti bá a mu rẹ́gí.

Ìyàwó Télọ̀, tó ń ta bọ́tìnì àti síìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà, máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí àwọn yòókù kò mọ̀. Ẹ̀rù ló wà nídìí ọ̀pá yẹn, owú ló sì wà nídìí ẹ̀rù náà.

Rédíò ló dá a sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dókítà kan ń ṣàlàyé pé kòrónà kì í ṣojú àánú sí àwọn tó sanra jù, pé kí irú wọn ṣọ́ra ju àwọn yòókù lọ. Télọ̀ sì sanra, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Bó bá jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àga á kérora, òun náà á ní kí àga má bínú. Ó tẹ́tí sí dókítà títí, ó dìde, ó pa rédíò, ó sì yí i kọjú sí ògiri bí ọmọ tó ṣẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé o gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ nípa mi?"

"Kò mọ̀ yín rí. Gbogbo ayé ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Èmi ló ń bá wí. Kí ló dé tí kò dárúkọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ṣúmékà tó ń rán bàtà ní òdìkejì ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ Télọ̀ ni láti ìgbà èwe wọn, ìyàwó Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ọdọọdún ló ń lu ihò tuntun sí ìgbànú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìjẹun o! Ọkùnrin náà á jẹ odidi búrẹ́dì tán, á fi ìrẹsì lé e, á tún máa wo àwo ẹlòmíràn. Télọ̀ á jókòó lójú fèrèsé pẹ̀lú ègé ìbẹ́pẹ níwájú rẹ̀, á máa ṣọ́ ọ bó ṣe ń gbé e mì.

"Ibo gan-an ló ń kó o sí?" á bi ìyàwó rẹ̀. "Bí èmi bá gbóòórùn búrẹ́dì yẹn lásán, ṣòkòtò mi á fún mi."

"Bí Ọlọ́run ṣe dá kálukú ni."

"Rárá o. Ohun tí Ọlọ́run bù kúrò lára tirẹ̀ ló kó lé mi lórí."

Ó gbìyànjú láti fọn, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Ó dín oúnjẹ kù, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ níta ní àràárọ̀, òógùn á bò ó. Ìyàwó rẹ̀ kàn ṣàkíyèsí pé bí ìta náà ṣe fẹ̀ tó, àárín fèrèsé òun àti ẹnu ọ̀nà Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ọkọ òun máa ń rìn gba ibẹ̀ jù. Nígbà tó di ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹun ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu Télọ̀.

"Bí mo bá kú nínú àrùn yìí, ta lo máa fẹ́?"

"Ẹ jẹun yín, ó ń tutù."

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Mo ti rí bó ṣe ń kí ọ."

"Gbogbo èèyàn ló ń kí."

"Ó ń kí àwọn yòókù. Ìwọ, ó máa ń dúró kí ọ. Níjọ́ tó wá yá sísọ́ọ̀sì, ṣé o rí bó ṣe ń wo àga mi? Ó ń wò ó bóyá ó máa gba òun."

"Bó bá jókòó sí i, a ò ní rí i mọ́."

Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rán ìbòmú fún gbogbo àdúgbò. Ti àwọn aládùúgbò bo imú àti ẹnu. Ti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ojú, ó sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nípọn bí tìmùtìmù, bó bá wọ̀ ọ́ tó ní "Ẹ káàárọ̀, ìyàwó wa," ohun tó ń jáde ni "Mmm, mm-mmm."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Télọ̀ wí. "Kòrónà ò ní rọ́nà wọlé, ọ̀rọ̀ ò ní rọ́nà jáde."

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí kò sí àwàdà níbẹ̀. Ikọ́ mú Télọ̀, ìyàwó ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ọ̀rá ni wọ́n máa ní ó jẹ́. Bí etí bá dùn mí, ọ̀rá ni. Bí mo bá fẹsẹ̀ kọ, ọ̀rá ni. Bó bá wá ku ibùsùn kan ṣoṣo, ṣé èmi ni wọ́n máa gbé sí i, àbí Pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó.

"Èmi ni n óò gbé yín sí i," ló sọ.

"Ìwọ dà? Apá wo lo fẹ́ fi gbé mi?"

Ìgbà náà ni àwọn méjèèjì tó rẹ́rìn-ín. Ikọ́ eruku aṣọ lásán ni, ó lọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, nọ́ọ̀sì jáde síwájú èrò tó tò síta. "Àwọn àgbàlagbà, àti àwọn tó sanra gan-an, ẹ kọ́kọ́ bọ́ síwájú." Ó ti pẹ́ tí Télọ̀ ti ń sá pamọ́ sẹ́yìn ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀yìn ẹni tó lè gbà á. Lọ́jọ́ náà, ó yọ ikùn síta, ó ń kọjá lára àwọn tó tò: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàgò fún àwọn tó sanra." Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó dúró.

"Ọ̀rẹ́, wọ́n ní kí ìwọ ṣì lọ jẹun wá."

Ìyàwó rẹ̀ kò rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ tó kan Pẹ́lẹ́ńgẹ́, kòrónà ti mú un. Àrùn tí Télọ̀ ń retí, òdìkejì ọ̀nà ló yà sí. Ìyàwó se ọbẹ̀ adìẹ, ó bù ú sínú abọ́ onídèérí.

"Níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?"

"Ẹnu ọ̀nà Pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Gbé e wá."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún òjìji ara yín?"

"Mo ní gbé e wá! Bó bá gbọ́ ohùn rẹ, ara rẹ̀ á yá ju bó ṣe yẹ lọ."

Láti ọjọ́ náà, Télọ̀ á wọ ìbòmú lé ìbòmú, á gbé abọ́ sẹ́nu ọ̀nà, á fà sẹ́yìn, á wá pariwo: "Jẹun, òpònú! Bí o bá kú, wọ́n á ní mo fi ọbẹ̀ pa ọ́!" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ á wúkọ́ láti inú ilé, ìyẹn ni ìdáhùn. Àdúgbò ń yin Télọ̀ pé ó láàánú. Ìyàwó ń gbọ́, ó ń ka bọ́tìnì rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Télọ̀ pariwo, kò gbọ́ ikọ́. Ó tún pariwo. Ìyàwó rí i láti ojú fèrèsé bó ṣe dúró, tó ń wo ilẹ̀kùn náà. Lẹ́yìn náà ló fi èjìká tì í wọlé. Nígbà tó jáde, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ìbòmú méjèèjì ti já, ó sì ń sáré. Télọ̀ tí kì í sáré fún òjò! Ẹ̀rù ba ìyàwó, orí rẹ̀ sì wú. Ara tí ọkọ rẹ̀ ń bú láti ọjọ́ yìí wá ló fi gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn láìdúró sinmi.

Ó padà dé, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí kó má baà kó àrùn ran ìyàwó, ó ń fi ohùn bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ṣé kò ì tíì wá kí ọ?"

"Orí ibùsùn ọsibítù ló wà!"

"Ìyẹn ò ní kó má ránṣẹ́."

Kòrónà kò pa ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọkàn Télọ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án, nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, láìsàn, láìdágbére. Àwọn tó wá kẹ́dùn ń mi orí pé, "Ó mà sanra náà," bí ẹni pé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Inú bí ìyàwó sí wọn. Ó kàn ní kí wọ́n bá òun ti ilẹ̀kùn bí wọ́n bá ń jáde.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó wá sí ṣọ́ọ̀bù, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa, ó jókòó sí etí bẹ́ǹṣì.

"Ìyàwó wa, mo ní kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Èmi dá wà, ẹ̀yin náà dá wà. Mo wá rò ó pé..."

Kò tíì parí rẹ̀ tí ẹ̀rín fi gbé obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ọkọ mi sọ ọ́! Háà, ó kúkú sọ ọ́!" Ó dìde, ó yíjú sí ibi ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ké: "Ẹ wá gbọ́ o!" Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó rántí pé àga ibẹ̀ ti ṣófo.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹrí ba. "Èmi náà," ló ní, "bí mo ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí, fèrèsé yẹn ni mo ń wò, pé ọ̀rẹ́ mi yóò yọrí jáde bú mi."

Obìnrin náà nu ojú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹni rere ni yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ yín báyìí, ta ni yóò jowú?"

Obìnrin náà bu omi fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mu, òun náà bu tirẹ̀, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, àwọn méjèèjì, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn.